Ito Tí Kò Lámì Lórí

Iṣẹ́ kan wà tí kò ju kéèyàn dúró lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni, yunifásítì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọmọbìnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí, ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń kọ́ níbẹ̀, ó sì ti dé ọdún kẹta, ọdún tí wọ́n máa ń kó wọn lọ sí pápá fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn wọn ilẹ̀. Àwọn márùn-ún ni wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ kan, òun nìkan sì ni obìnrin. Ẹnì kan ń wo inú awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan ń kọ iye sílẹ̀, ẹnì kan ń kan èèkàn mọ́lẹ̀, ẹnì kan ń fi agboòrùn bo awò kí oòrùn má bà á jẹ́. Òun ni wọ́n gbé ọ̀pá ìwọ̀n lé lọ́wọ́.

Ọ̀pá náà ga ju èèyàn méjì lọ, nọ́ńbà pupa àti dúdú sì kún ara rẹ̀ láti ìdí dé orí. Ẹni tó bá mú un yóò gbé e ka orí èèkàn, yóò nà án ṣánṣán, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó mì títí ẹni tó wà nídìí awò yóò fi ka iye, tí yóò nawọ́ sókè. Nítorí ọ̀pá yìí ni àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ ṣe sọ ọ́ ní Ọlọ́pàá.

"Ọlọ́pàá, má mú wa o!"

"A ò jalè o, ilẹ̀ la wá wọ̀n!"

Orúkọ náà mọ́ ọn lára bí ẹ̀wù tó ti gbó.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, Gíwá, olórí ẹgbẹ́ wọn, jẹ́ kó fojú kan inú awò náà. Awò àtijọ́ ni, ó máa ń dojú ayé dé. Ọlọ́pàá wò ó, ó rí ojú ọ̀run nísàlẹ̀ bí odò tó tẹ́ rẹrẹ. Ó rí koríko tó so rọ̀ láti òkè, ó rí igi kan tó forí sọ inú àwọsánmà. Díẹ̀ ló kù kó nawọ́ bọ omi ọ̀run náà.

"Ó tó, Ọlọ́pàá, padà sídìí ọ̀pá rẹ," ni Gíwá wí.

Ó padà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a padà tán. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dúró nínú oòrùn, tí ooru ń jó lórí ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń gbọn aṣọ, ṣe ló máa ń dà bíi pé òun gan-an lòun forí sọlẹ̀, pé odò ni gbogbo pápá náà, òun sì ń fi ọ̀pá wá ìsàlẹ̀ odò.

Bàbá Ìwọ̀n ni wọ́n ń pe olùkọ́ wọn. Fìlà rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Òfin méjì ló fi lélẹ̀. Èkíní, ibi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láàárọ̀ ni wọn yóò wọ̀n yí ká padà sí lọ́jọ́ kan náà, iye ìbẹ̀rẹ̀ àti iye ìparí gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ọ̀pá bá mì níbì kan péré, iye á ṣì, wọn yóò sì tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Èkejì, ẹni tó bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ nínú mẹ́wàá yóò tún ọdún kẹta ṣe, kì báà jẹ́ ọmọ ọba.

Iṣẹ́ ò le. Ohun tó le ni ìtọ̀.

Bí ìtọ̀ bá gbọn àwọn ọkùnrin, igi kan ṣoṣo tó wà ní pápá ni wọ́n ń yà sí. Wọ́n á kọ̀yìn, wọ́n á máa súfèé, kí èèyàn tó ṣẹ́jú wọ́n ti dé. Ọlọ́pàá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà lẹ́yìn ahéré ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ pápá, ó mọ̀ ọ́n, ó tilẹ̀ ti fojú wọ̀n ọ́n: ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ ní àlọ, ọ̀ọ́dúnrún ní àbọ̀. Bó bá lọ, gbogbo ẹgbẹ́ á dúró dè é. Ó sì ti gbọ́ ìtàn ọmọbìnrin tó mú ọ̀pá lọ́dún tó kọjá. Ìyẹn tọrọ àyè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, wọ́n ti gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ jókòó sídìí tábìlì kó máa ro nọ́ńbà pọ̀. Ẹ̀rọ-omi ni wọ́n ń pè é títí dòní. Bó bá ń kọjá lọ lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹ gbé garawa wá o, ẹ̀rọ-omi ti ṣí!"

Ọlọ́pàá ò fẹ́ tábìlì. Pápá ló fẹ́. Nítorí náà ló ṣe dá ọgbọ́n kan, ọgbọ́n tí ń pa ọlọ́gbọ́n: kò mu omi mọ́. Bó bá jí, á fi omi yọ ẹnu, á tu ú dànù. Ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó mu ìlàjì ife. Ìwọ̀nba tó bá sì rọra kó jọ nínú rẹ̀, á há a mọ́ra, á fi itan pọ̀ mọ́ itan, á na ọ̀pá, á máa wo odò ọ̀run.

Nílé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ọ̀rọ̀ ò tún rọrùn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́fà ló wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, méjì péré ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú méjèèjì kò sì ní ìkọ́. Ẹni tó bá wọlé á máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, á máa fi ohùn ṣọ́ ọ: "Èèyàn wà níbí o! Èèyàn wà níbí!" Ọlọ́pàá ò lè pariwo bẹ́ẹ̀. Á ní kóun dúró kí ìlà tán, ìlà kì í sì í tán.

Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ni wọ́n ń sùn nínú yàrá, ọ̀kan lórí èkejì. Òun ló ń sùn lókè. Ọmọ tó ń kọ́ òfin ló ń sùn nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ tuntun. Àwọn méjèèjì ti sọ ara wọn lórúkọ: Òkè àti Ìsàlẹ̀.

"Òkè, kí ló dé tóò mu tíì?"

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

"Ètè rẹ ti là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, o ní òùngbẹ ò gbẹ ọ́. Sọ òótọ́, àbí o ti di ràkúnmí?"

Ó mọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́. Àlá ni. Bó bá ti pápá dé, tó na ẹ̀yìn díẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, àlá á gbé e. Nínú àlá náà, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ó sì ń wá ibi tí yóò tọ̀ sí. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan, òdòdó funfun kún inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ dé ẹnu, àánú òdòdó ò jẹ́ kó jókòó. Ó ṣí òmíràn, ó bá a láàárín gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níwèé, igba akẹ́kọ̀ọ́ mú bírò lọ́wọ́, wọ́n ń dúró kó bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ tí omi ń ṣàn lórí rẹ̀, omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń kọrin sí i létí pé, jọ̀wọ́ ara rẹ, kò sẹ́ni tó ń wò ọ́. Ibẹ̀ ló máa ń ta jí, á fi ọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì. Gbígbẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti wọ̀ ọ́. Bó bá lọ dòótọ́ lọ́jọ́ kan ńkọ́, tó sì ro lu Ìsàlẹ̀ lórí? Nítorí àlá yìí, ó tún dín ìlàjì ife omi kù sí ìdajì rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Ó bọ́ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ìdájí, nígbà tí ìlà ò tíì sí. Kíún ló jáde, ó sì dà bíi pé wọ́n da omi ata sójú egbò. Ó di ilẹ̀kùn mú. Ó dìde, kò tíì dé yàrá tí ìtọ̀ tún fi gbọ̀n ọ́n. Ó padà, kíún náà ni, iná náà ni. Ó wo ohun tó tọ̀, ó rí i pé ó ti dúdú, ó ṣú bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò.

Ìpayà mú un. Ẹ̀yin náà mọ ẹnu ayé. Bí ọmọbìnrin bá ti sọ pé ìtọ̀ ń ta òun, orúkọ kan náà ni gbogbo èèyàn ní fún un: àtọ̀sí ni, ó ti lọ kó o níbì kan. Ọmọ tí kò tíì bá ọkùnrin di ọwọ́ mú kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìwé! Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ìsàlẹ̀ tó ń kọ́ òfin ni, tí yóò pe ẹlẹ́rìí mẹ́ta jókòó? Àbí Gíwá?

Ẹnì kan ló kù, ìyá bàbá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá. Màmá ló tọ́ ọ dàgbà. Àgbàlagbà náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún kó tó lọ kọ́ ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, láti ìgbà náà kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun ka ohun tó wọ fóònù òun. "Lẹ́tà mi kì í ṣe rédíò," ni yóò wí. Á gbé fóònù sún mọ́ imú, á máa pe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, títí ọ̀rọ̀ yóò fi jáde.

Ọlọ́pàá ò lè pè é, nítorí etí pọ̀ nínú yàrá. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹ sì mọ bí àwọn ọmọ ìwòyí ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀:

*Mama, ito n ta mi lati aaro. O n jo mi bi ata. Ki ni ki n lo?*

Màmá dá a lóhùn kí wákàtí kan tó pé. Fún ẹni tó ń ṣa lẹ́tà bí òkúta, ẹ mọ̀ pé ó sáré.

*Oko mi, pele. Fi omi iyo lo wooro fo o laaro ati lale. Ma mu omi tutu rara. Ma je ata. Ma soro pupo.*

Ọlọ́pàá kà á lẹ́ẹ̀mejì, omi bọ́ lójú rẹ̀. Màmá ti yé e. Màmá ò bi í pé níbo ló ti kó o. Ó tilẹ̀ ní kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyẹn ni pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, àṣírí àwọn méjèèjì ni. Ó wá omi gbígbóná, ó bu iyọ̀ sí i, ó wọ balùwẹ̀, ó fi fọ ojú ara rẹ̀.

Ha! Ariwo tí kò jẹ́ kó jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó bá jáde ni, gbogbo òrùlé ilé náà ì bá ṣí. Ó di garawa mú, ó rọra jókòó sílẹ̀. Ó ní bóyá bí oògùn rere ṣe ń ṣe nìyẹn. Oògùn tó bá máa ṣiṣẹ́ kì í ṣe oyin. Ó tún un ṣe lálẹ́. Omi díẹ̀ tó ṣì ń mu tẹ́lẹ̀, ó pa á tì pátápátá, nítorí Màmá ti ní kó má mu ún.

Ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ kẹfà. Pápá ti di nǹkan mìíràn lójú rẹ̀. Oòrùn ń ràn, otútù sì ń mú un. Èèkàn tó wà níwájú ń sún sẹ́yìn bó bá ti ń rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohùn Gíwá ń ti ìsàlẹ̀ omi jáde.

"Ọlọ́pàá, ọ̀pá ń mì!"

Ó di í mú.

"Ọlọ́pàá, mo ní ọ̀pá ń mì! Kí lò ń gbọ̀n fún? Ṣé olè lo rí?"

Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n, òun ń gbọn ọ̀pá, ọ̀pá ń gbọn nọ́ńbà. Nínú awò, Gíwá ò lè mọ èwo ni mẹ́ta, èwo ni mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kẹfà náà, iye ìparí kò bá iye ìbẹ̀rẹ̀ mu, wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé.

Nígbà tí ọjọ́ keje mọ́, kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ń ro ó lẹ́yìn, lábẹ́ ìhà, ara rẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí Ìsàlẹ̀ fi ní èèyàn lè yan búrẹ́dì lórí rẹ̀. Ọkọ̀ pápá lọ, kò bá a lọ. Ó sùn, ó jí, ó sùn. Lójú oorun, ó rí ara rẹ̀ nínú odò tó wà nínú awò, ó ń mu ún, ó ń mu ún, kò sì tutù, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní ọ̀sán gangan, fóònù rẹ̀ dún. Ìsàlẹ̀ ló gbé e, ó tẹ̀ ẹ́ kó pariwo síta, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gbọ́ lórí ibùsùn.

"Ọkọ mi," ni ohùn Màmá wí, "mo ní kí n jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́ta kí n tó yọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀fun náà ńkọ́?"

"Ọ̀fun?" ni Ọlọ́pàá wí. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ.

"Ọ̀fun kẹ̀! Ohùn rẹ ṣì há, mo gbọ́ ọ. Ṣé o ń fi omi iyọ̀ náà fọ ọ̀fun dáadáa? Ṣé o ń gbé orí sẹ́yìn kó hó gara-gara?"

Ọlọ́pàá wo Ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ wò ó.

"Màmá," ni Ọlọ́pàá wí, "ọ̀fun wo ni?"

"Ọ̀fun tí itọ́ ń ta! Àbí kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́ pé itọ́ ń ta ọ́, pé ó ń jó ọ bí ata?"

"Màmá, mi ò kọ itọ́."

"O kọ ọ́! Mo kà á! Í, tì, ó. Itọ́."

"Ìtọ̀ ni, Màmá."

Adìẹ kan ké lọ́nà jíjìn lórí fóònù náà.

"Ìtọ̀?" Ohùn Màmá ti di kékeré. "Ìtọ̀ ìsàlẹ̀?"

"Ẹ̀n, Màmá, èmi rèé," ni Ìsàlẹ̀ dáhùn kó tó ro ó.

"Ta ni yẹn? Mi ò pe ẹnikẹ́ni! Ọkọ mi, ìtọ̀ ìsàlẹ̀ ni? Èmi rò pé itọ́ òkè ni! Omi iyọ̀ náà ńkọ́? Níbo lo... Yé! Yé, mo gbé! Ṣé ìsàlẹ̀ náà lo dà á sí?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi fọ̀ ọ́."

"Omi mímu ńkọ́?"

"Ẹ ní kí n má mu ún rárá."

"Tútù ni mo wí! Tútù! Nítorí ọ̀fun!" Àgbàlagbà náà ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ èwo lòun ń ṣe. "Àmì kékeré lásán! Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ò kọ́ mi pé àmì lè pa ọmọ. Ìwọ tó ń dáhùn níbẹ̀, ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí, Màmá. Èmi ni mò ń sùn nísàlẹ̀."

"Ṣé ara rẹ̀ gbóná?"

"Ó gbóná gan-an ni, Màmá. Ó tún ní ẹ̀yìn ń ro òun."

"Gbé e dìde. Má pa fóònù yìí. Ẹ jọ ń lọ sí kílíníìkì báyìí, èmi náà ń bá yín lọ."

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn, mẹ́ta nínú ara méjì. Kílíníìkì yunifásítì náà, yàrá gígùn kan ni, bẹ́ńṣì lọ́tùn-ún, bẹ́ńṣì lósì, àwọn ọmọbìnrin mọ́kànlá jókòó, wọ́n ń wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà jókòó sídìí tábìlì, ìwé ńlá wà níwájú rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ara mi ò yá," ni Ọlọ́pàá wí, ó dorí kodò.

"Ara ta ló yá níbí? Ibo nínú ara?"

"Ìsàlẹ̀ ikùn. Mo máa ń... bí mo bá fẹ́ lọ síbì kan..."

"Síbo?"

Ọ̀rọ̀ náà há a lẹ́nu. Bó ṣe há a mọ́ra ní pápá ló ṣe há a mọ́ ẹnu. Ṣùgbọ́n fóònù ò lójú, kò mọ̀ pé èèyàn jókòó. Ohùn Màmá jáde láti ọwọ́ Ìsàlẹ̀, ó gba gbogbo yàrá:

"Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ÌTỌ̀ ni o! Kì í ṣe itọ́! Ìtọ̀ tí èèyàn ń tọ̀! Ó ń ta á! Èmi ni mo ṣi oògùn fún un, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ!"

Ọlọ́pàá ní kí ilẹ̀ la. Ilẹ̀ ò là. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan tó wà ní ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì, tó wọ bùbá aláwọ̀ ọsàn, gbé ojú sókè.

"Ìyẹn náà ló gbé mi wá," ló wí.

"Èmi náà," ni ẹnì kejì wí. "Ó ti pé ọjọ́ márùn-ún."

"Èmi, bí mo bá ti rẹ́rìn-ín ló ń dà sí mi lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín."

Ẹ̀rín bú. Ẹni tó ní kí wọ́n má pa òun lẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ sáré jáde. Nọ́ọ̀sì àgbà bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nu omi ẹkún ẹ̀rín kúrò lójú.

"Ẹ bá mi kí Màmá yẹn," ló wí. "Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti wà nídìí tábìlì yìí. 'Ara mi ò yá' ni wọ́n máa ń sọ. Èmi ni mo ń fi ìbéèrè wá ìtọ̀ kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́."

Ó fún Ọlọ́pàá ní ìgò kékeré kan kó tọ̀ sí i. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó pè é wọ yàrá inú, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Kì í ṣe àtọ̀sí. Mo mọ̀ pé òun lò ń bẹ̀rù. Kòkòrò ló wọ ojú ìtọ̀ rẹ. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kúrú, kòkòrò kì í rìn jìnnà kó tó dé àpò ìtọ̀. Bó bá débẹ̀, ìtọ̀ tí à ń tọ̀ ló máa ń ṣàn án jáde. Ìwọ wá há ìtọ̀ mọ́ra, o kọ̀ láti mu omi, kòkòrò wá rí adágún, ó kọ́lé síbẹ̀. Ìgbà tílé rẹ̀ kún, ó gbéra, ó ń gòkè lọ síbi kíndìnrín. Òun ló ń ro ọ́ lẹ́yìn yẹn. Bó o bá pẹ́ sí i lọ́jọ́ méjì, orí bẹ́ẹ̀dì níbí là bá ti máa sọ̀rọ̀."

Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ka oògùn fún un, ó ní kò gbọdọ̀ dá a dúró lágbedeméjì nítorí pé ara ti fúyẹ́. Kó mu omi dáadáa títí ìtọ̀ rẹ̀ yóò fi mọ́. Kó má ṣe bu iyọ̀ tàbí ọṣẹ olóòórùn síbẹ̀ mọ́, omi lásán ti tó. Bó bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kó nù láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bó bá lọ́kọ lọ́jọ́ iwájú, kó máa tọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sún mọ́ra. Bó bá sì jókòó láti tọ̀, kó má sáré, kó jẹ́ kó tán.

"Wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, ì báà gbọ̀n ọ́, ì báà má gbọ̀n ọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo wà ní pápá, mà. Àwọn ọkùnrin ló kù. Bí mo bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi."

"Tóò bá ní kí wọ́n dúró, tí àìsàn yìí bá padà wá, mi ò ní jẹ́ kó o lọ sí pápá kankan. Ọjọ́ mélòó lo ti pa jẹ?"

"Ọ̀kan lónìí. Bí mo bá pa mẹ́ta jẹ, mo máa tún ọdún yìí ṣe ni."

"Ọ̀la á di méjì. Wàá lọ lọ́jọ́ kẹsàn-án bí ara bá ti tutù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu rẹ ló kù."

Ó sùn títí di ọjọ́ kejì. Ìsàlẹ̀ ń jí i fún omi, ó ń jí i fún oògùn. Ọ̀rọ̀ náà sì ti wọ yàrá wọn, kò fẹ́ jáde mọ́. "Òkè, mo ń lọ tọ̀ o, ṣé ká jọ lọ? Èmi á ti ilẹ̀kùn fún ọ." Wọ́n lọ. Ìsàlẹ̀ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà níta, ó ń ka ìwé òfin sókè ketekete kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, iná ti ń kú nínú ìtọ̀ náà. Lójú oorun, kò wá ilẹ̀kùn kankan. Ó kàn ń léfòó ni.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ó padà sí pápá, ó gbé ìgò omi ńlá kan kọ́ èjìká. Gíwá fún un ní ọ̀pá. Àárọ̀ lọ dáadáa. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ó ń mu omi, ó dúró, ọ̀pá dúró. Láago mẹ́wàá tí wọ́n sinmi, ó rìn lọ sí ahéré ọlọ́dẹ, ó padà, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, òjò ṣú. Àwọsánmà ń ti òkè bọ̀, ó dúdú bí èédú. Èèkàn méje ló kù kí wọ́n tó padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ká wọn mọ́ ibẹ̀, gbogbo iṣẹ́ òní ti bàjẹ́, ọ̀la tó jẹ́ ìparí ni wọn yóò fi tún un ṣe.

"Ẹ yára! Ẹ yára!" ni Gíwá ń pariwo, ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ awò.

Ìgbà náà ni ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ti kọjá.

Ó wo òjò. Ó wo èèkàn méje. Ara tó ti mọ̀ ọ́n há bẹ̀rẹ̀ sí í há fúnra rẹ̀, itan ń wá itan. Pápá náà rọra ń yí dà bí odò, ó lẹ́wà, ó ń pè é pé kó wá dúró síbẹ̀, kó má sọ nǹkan kan. Lábẹ́ ìhà rẹ̀ ọ̀tún, ibi tó ti ro ó, ohun kan rántí.

"Ọlọ́pàá, ọ̀pá ń mì!"

"Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí!" ló ké lóhùn rara. "Mo fẹ́ lọ tọ̀!"

Gíwá gbé ojú kúrò nídìí awò. Ẹni tó ń kan èèkàn dá òòlù dúró lókè.

"Èèkàn méje péré!" ni Gíwá wí. "Òjò ń bọ̀! Mú un mọ́ra díẹ̀, jọ̀ọ́."

"Ẹ̀rọ-omi kejì dé o," ni ẹni tó mú agboòrùn wí.

"Ìwọ?" Ọlọ́pàá kọjú sí i. "Láti àárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lo ti lọ kí igi yẹn. Mo kà á. Kí tún ni iṣẹ́ ẹni tó dúró sójú kan, bí kì í ṣe kó máa wòran? Gíwá lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Igi yẹn ò ní pẹ́ wó."

Ẹni tó ń kan èèkàn rẹ́rìn-ín débi pé òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ìwọ̀n ti ń bọ̀ láti ibi ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ di fìlà mú nítorí afẹ́fẹ́.

"Kí ló dá iṣẹ́ dúró?"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́. Ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

"Mo fẹ́ lọ tọ̀, sà."

Bàbá wo ojú ọ̀run, ó wo ahéré ọlọ́dẹ, ó wò ó.

"Ṣé wàá lè dúró kí Gíwá ka ti èèkàn yìí?"

Bó bá jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ì bá ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Rárá, sà."

Àgbàlagbà náà na ọwọ́, ó gba ọ̀pá náà, ó nà án sórí èèkàn.

"Òjò ńkọ́, sà?" ni Gíwá bèèrè.

"Òjò kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ yín. Òun ni ọmọ ẹgbẹ́ yín. Ẹ dúró dè é."

Ó lọ. Kò sáré. Ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀, afẹ́fẹ́ tutù ń fẹ́ aṣọ rẹ̀, koríko ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀yìn ahéré náà kéré, ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìkọ́, fèrèsé rẹ̀ kò ju ìwé kan lọ. Ó tìlẹ̀kùn, ó jókòó. Ó kọ́kọ́ há, nítorí ara kì í tètè gbà pé àyè wà. Ó wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ń ṣàn, kò ta á, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó pẹ́, ó dà bíi pé gbogbo omi tó ti kọ̀ láti mu lọ́jọ́ mẹ́fà ń kọjá lọ, tó ń dá gbére fún un. Ó dijú. Kì í ṣe àlá. Ó fi ọwọ́ kan ògiri, ògiri dúró.

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ lórí páànù. Èkejì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà kò ṣeé kà mọ́.

"Ọlọ́pàá o!" Ohùn Gíwá ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. "Ṣé kò tíì tán ni? Òjò ti dé!"

Ó tẹ́tí sí ara rẹ̀. Ó ṣì kù díẹ̀.

"Kò tíì tán!" ló dáhùn láti ojú fèrèsé kékeré náà. "Ẹ dúró dè mí!"

Wọ́n dúró dè é nínú òjò.